Ẹ̀jẹ̀ Tí Nehemiah Ń Tọrọ

Manchester,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kejì, 2024.

Ṣèyítán, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ilé? Iṣẹ́ ilé-ìwé ńkọ́? Màmá ńkọ́? Mo nígbàgbọ́ pé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀. Ẹ kú ọyẹ́ o. Wọ́n ní ọyẹ́ tọdún yìí mú ní Ìlobù. Òtútù tiwa níbí kì í ṣe ohun tí à ń fẹnu sọ.

Kí ni mo ṣe fún ọ tí o kì í fi í gbé ìpè mi mọ́? Ó ti lé lọ́dún méjì. Bí mo bá pe Màmá tí mo ní kí wọ́n gbé fóònù fún ọ, wọ́n á ní o wà lẹ́yìnkùlé. Ṣé ẹ̀yìnkùlé lo wá ń gbé ni? Àwọn ló fún mi ní àdírẹ́sì í-meèlì rẹ yìí. Má bínú sí wọn.

Ara mi ò yá. Àárẹ̀ lásán ló kọ́kọ́ jọ. Bí mo bá gbé àpótí méjì níbi iṣẹ́, èémí mi á máa já. Bí mo bá fọ eyín, erìgì mi á ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Wọ́n fún mi ní oògùn líle, irun mi re tán, àìsàn náà lọ, wọ́n sì ní ó máa padà bí a bá jókòó tẹtẹrẹ. Dókítà ní ọ̀nà tó kù ni kí wọ́n pa mùdùnmúdùn inú eegun mi run pátápátá, kí wọ́n fi ti ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, àti pupa àti funfun, àti pé àwọn funfun ni ọmọ ogun ara. Àwọn ọmọ ogun tèmi ti bàjẹ́, wọ́n kàn ń pọ̀ sí i ni, wọn ò mọ ogun jà.

Ọmọ ìyá kan, baba kan ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò. Àwọn ọmọ tèmi ṣì kéré, ìdajì wọn sì jẹ́ ti ìyá wọn. Ìwọ nìkan ni mo ní. Ilé ìwòsàn máa fi páálí kékeré kan ránṣẹ́ sí ọ. Òwú wà nínú rẹ̀, wàá fi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ, wàá sì dá a padà. Kò dunni rárá. Mo mọ̀ pé o ò ní kọ̀. Ọmọ Màmá ni ẹ́.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Nehemiah.


Ìlobù,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Màmá wà. Ẹsẹ̀ ṣì ń dùn wọ́n. Mi ò sọ fún wọn pé jẹjẹrẹ ni. Ibà ni wọ́n mọ̀.

Ẹ má wulẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ funfun fún mi. Ẹ mọ̀ pé bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìwé yín dé gan-an, òun ni mò ń yà sójú pátákó. Mo sọ fún kíláàsì mi pé àwọn kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì funfun tó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ibodè. Kòkòrò àrùn tó bá kọ́kọ́ wọlé, wọ́n á gbé e mì láìbéèrè ẹni tó jẹ́. Àwọn kan tún wà tó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dé, ṣùgbọ́n ọ̀tá kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn mọ̀ láyé. Bí wọ́n bá ti fojú kàn án, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í di púpọ̀, àwọn kan nínú wọn á sì máa rọ ohun ìjà tó bá ọ̀tá yẹn nìkan mu, bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá àgádágodo mu. Bí ogun bá parí, ọ̀pọ̀ nínú wọn á kú. Díẹ̀ á ṣẹ́ kù. Iṣẹ́ àwọn díẹ̀ yẹn ni kí wọ́n máa rántí. Ọdún lè gorí ọdún, ọjọ́ tí ọ̀tá náà bá tún yọjú, wọ́n á ti dá a mọ̀ kó tó ríbi jókòó.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Malikah wá dìde. Ó ní, “Tíṣà, ṣé wọn kì í dárí jini ni?” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, “Rárá o, Malikah. Bí wọ́n bá ń dárí jini ni, gbogbo wa ìbá ti kú.”

Ẹ bi mí pé kí lẹ ṣe fún mi. Ṣé ẹ rántí Ùsmán Gbàdàmọ́sí, ọmọ Ìfọ́n, tí wọ́n ti dá ọjọ́ ìdána èmi àti rẹ̀? Ẹ̀yin lẹ lọ bá ìyá rẹ̀, Alhájà Bàrákátù, nínú yàrá, lẹ ní wárápá ń ṣe mí, pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi, pé ẹ ò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ kó sí wàhálà. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn ò ṣe mọ́. Ẹ jókòó tì mí nígbà tí mò ń sunkún. Ẹ ń fọwọ́ pa mí lórí. Ẹ ní Ọlọ́run á pèsè ẹni tó dáa jù ú lọ. Ẹ wá wọkọ̀ òfúrufú padà.

Láti Ìfọ́n títí dé Ẹ̀rìn, kò sí ìdílé tó tún wá tọrọ mi. Bí mo bá kọsẹ̀ lọ́jà, àwọn èèyàn á sún sẹ́yìn, wọ́n á máa wo ẹnu mi bóyá ó máa hó. Ọdún púpọ̀ ni mi ò fi mọ ìdí rẹ̀, àfi ìgbà tí Àìṣà, àbúrò Ùsmán, sọ fún mi. Ọjọ́ yẹn ni mo ti nọ́ńbà yín pa lórí fóònù mi.

Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ní àrùn wà nínú rẹ̀ náà lẹ wá ń tọrọ.

Mo ti fi òwú wọn nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, mo sì ti dá a padà. Ẹ má dúpẹ́. Mi ò ṣe é nítorí yín. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀mí yín wà lọ́wọ́ mi ni.

Àbúrò yín,
Ṣèyítán.


Manchester,
Ọjọ́ ogún, oṣù Kẹrin, 2024.

Ṣèyítán,

Ó bára mu! Dókítà fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi. Ó ní àwọn àmì kan wà lójú sẹ́ẹ̀lì èèyàn, ìdajì láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá, òun sì ni ọmọ ogun ara fi ń mọ ará ilé yàtọ̀ sí àjèjì. Ó ní láàárín ọmọ ìyá méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni ìrètí pé gbogbo rẹ̀ á bára mu. Tìrẹ bá tèmi mu porogodo. Mo sunkún níwájú òyìnbó.

Ọ̀rọ̀ Ìfọ́n yẹn, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Bàbá ti kú nígbà yẹn, èmi ni mo dúró bíi bàbá fún ọ. Mo rí i pé o fẹ́ lọ sọ ìgbàgbọ́ tí wọ́n bí ọ sí nù nítorí ọkùnrin. Mo bá ọ sọ ọ́ títí, o ò gbọ́. Ohun tó wá sí mi lẹ́nu ni mo sọ. Bí mo bá ṣe é láṣejù, Ọlọ́run mọ ọkàn mi. Ọkùnrin náà ti fẹ́ ìyàwó, ó ti bímọ, ó ti gbàgbé. Ṣé torí rẹ̀ lo ṣe máa jẹ́ kí ọmọ ìyá rẹ kú?

Òpin oṣù Kẹfà ni wọ́n fẹ́ ṣe é. Ilé ìwòsàn á kọ ìwé ìpè tí wàá fi gba físà. Jọ̀ọ́, tètè fèsì.

Nehemiah.


Ìlobù,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹfà, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àárẹ̀ ara. Ẹ ní kí n tètè fèsì, mo rí i. Mo kọ́kọ́ máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ tán. Mo fọ kànga. Mo ra ewúrẹ́ méjì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín ní ohun kan tí dókítà yín lè má ráyè sọ. Ẹran kékeré kan wà lẹ́yìn eegun àyà ọmọdé. Ibẹ̀ ni àwọn kan nínú sẹ́ẹ̀lì funfun ti ń kẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó di jagunjagun. Ìdánwò tó le jù níbẹ̀ ni ti ará ilé. Wọ́n á fi ará ilé han sẹ́ẹ̀lì náà, wọ́n á máa wò ó bóyá á gbéjà kò ó. Èyí tó bá gbéjà kò ó, wọn kì í bẹ̀ ẹ́, wọn kì í ní kó tún ìdánwò ṣe. Wọ́n á pa á síbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú irú wọn bá yọ́ jáde, òun ló máa ń mú oríkèé ara wú, òun ló máa ń ba kíndìnrín jẹ́, nínú ara tó bí i.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ yọ́ jáde nínú ilé wa.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Ẹ wá sílé. Ẹ lọ sí ilé Gbàdàmọ́sí ní Ìfọ́n lọ́sàn-án gangan. Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún Alhájà, níwájú Ùsmán, níwájú ìyàwó rẹ̀ àti ará àdúgbò tó bá wà níbẹ̀, kí ẹ sọ pé irọ́ lẹ pa mọ́ mi. Ọjọ́ tí ẹ bá sọ ọ́ ni màá gbéra. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, mùdùnmúdùn mi á dúró sínú eegun mi.

Ó dùn mọ́ mi láti kọ èyí. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, nítorí bó ṣe dùn tó.

Ṣèyítán.


Manchester,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà, 2024.

Ṣèyítán,

Mi ò lè wá. Kì í ṣe agídí. Oògùn tí wọ́n tún fún mi ti pa àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ibodè tí o sọ yẹn tán, ó kù díẹ̀ kí n sọ pé kò sí ọ̀kan. Wọn ò gba òdòdó láyè nínú yàrá mi. Ẹ̀fọ́ tútù, wọn ò jẹ́ kí n jẹ ẹ́. Ọmọ mi kékeré ní ọ̀fìnkìn, wọn ò jẹ́ kó wọlé. Láti ẹ̀yìn gíláàsì ló ti ń juwọ́ sí mi. Dókítà ní kòkòrò tó ti ń gbé lára mi láti kékeré, tí kò fìgbà kan ṣe mí ní nǹkan kan, òun náà lè pa mí báyìí. Bí mo bá wọ ọkọ̀ òfúrufú pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń wúkọ́, òkú mi lẹ máa gbà ní Èkó.

Bèèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ mi, jọ̀ọ́.

Nehemiah.


Manchester,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Keje, 2024.

Ṣèyítán,

O ò fèsì. Òpin oṣù Kẹfà ti kọjá. Ibà gbé mi dè, ó wọ ẹ̀dọ̀fóró mi, ìyàwó mi ti ń bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀ ìsìnkú ní kọ̀rọ̀, ó rò pé mi ò gbọ́. Dókítà ń bi mí pé àbúrò mi dà. Mo ní ilé-ìwé ò tíì fún un láàyè. Mo tún purọ́ nítorí rẹ.

Bó o bá fẹ́ kí n kú, kọ ọ́ pé kí n kú, kí n mọ̀. Ẹsẹ̀ mi ò lè dé Ìfọ́n, ṣùgbọ́n ojú mi lè dé ibẹ̀. Gbé fóònù lọ. Ohun tí o fẹ́ kí n sọ ni màá sọ.

Nehemiah.


Ìlobù,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹjọ, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ìnira. Ẹ rí mi lójú fóònù lánàá, mo sì rí yín. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé yín kúrò kí ọ̀rọ̀ tó parí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ẹ ò gbọ́.

Kí n tó pè yín, mo ti jókòó níbẹ̀ díẹ̀. Alhájà ń bó ẹ̀gúsí sínú abọ́ lórí ẹní. Ùsmán dúró ti ilẹ̀kùn, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, Àìṣà jókòó tì mí. Nígbà tí ojú yín yọ, pẹ̀lú orí pípá yẹn àti ìbòmú, Alhájà ní, “Ta ni bàbá arúgbó yìí?” Ẹ gbọ́ ọ. Ẹ sì sọ tiyín: “Nehemiah ni, Mà. Irọ́ ni mo pa lọ́jọ́ sí. Kò sí wárápá lára Ṣèyítán. Kò sí nílé wa.” Ibẹ̀ lẹ dé tó fi gé.

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ń wo ojú Alhájà. Gbogbo ohun tí mo ti ń dúró dè nìyẹn. Mo fẹ́ kó káwọ́ lérí. Mo fẹ́ kó pariwo. Ó mú ẹ̀gúsí mìíràn, ó bó o.

Ó ní, “Ṣèyítán, mo mọ̀.”

Mo ní, “Kí lẹ mọ̀, Mà?”

“Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Lọ́jọ́ tó sọ ọ́ náà ni mo ti mọ̀. Ṣebí o wá kí wa nígbà Iléyá, o bá mi gúnyán, o pọn ọmọ Àìṣà káàkiri àgbàlá. Ṣé mi ò lójú ni? Èmi náà ni mi ò fẹ́ ọ. Mi ò fẹ́ ọmọ onígbàgbọ́ nílé mi. Mò ń wá ohun tí màá sọ fún Ùsmán, ẹ̀gbọ́n rẹ wá fi lé mi lọ́wọ́.”

Ùsmán ní, “Màámi!” Ó jáde láìwọ bàtà.

Mo dìde. Ara mi ń gbọ̀n débi pé bí ẹni tí kò mọ̀ mí bá rí mi, yóò gbà pé wárápá náà ti dé. Alhájà gbójú sókè. Ó ní, “Bó o bá fẹ́ kí n bẹ̀ ọ́, màá bẹ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n parí ẹ̀gúsí yìí ná.”

Mi ò dúró dè é.

Mo délé, mo jókòó láti kọ ọ́ pé kí ẹ kú, bí ẹ ṣe ní kí n kọ ọ́. Mo sì kọ ọ́ lóòótọ́. Mo kọ ọ́ gbọrọgbọrọ. Màmá pè mí láti inú yàrá, wọ́n ní ta ni mò ń kọ̀wé sí. Mo ní Nehemiah ni. Wọ́n ní, “Sọ fún un pé kó máa wọ súwẹ́tà.”

Mo pa ohun tí mo kọ rẹ́.

Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ìpè ránṣẹ́. Ẹ ti ṣe èyí tí agbára yín ká, màá ṣe tèmi. Mi ò dárí jì yín. Kí ẹ má lọ rò ó o. Ó kàn jẹ́ pé mo fẹ́ kí ẹ wà láyé, kí ẹ máa rántí.

Ẹ máa wọ súwẹ́tà.

Ṣèyítán.


Manchester,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹta, 2025.

Ṣèyítán mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé Màmá ń jẹun? Láti ìgbà tí o ti padà sílé nínú oṣù Kejìlá ni mo ti ń fẹ́ kọ̀wé, ọwọ́ mi ni ò jẹ́. O gbé nílé mi títí wọ́n fi fún ọ ní abẹ́rẹ́ tó ń lé sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn jáde sínú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n sì gbà á lápá rẹ, o se ọbẹ̀ fún ìyàwó mi, o kọ́ àwọn ọmọ mi ní òwe, o ò sì bá mi sọ ju “Ẹ kú ọjọ́” lọ. Ọjọ́ tí o ń lọ, o juwọ́ sí mi láti ẹ̀yìn gíláàsì bí ẹni tó ń lé eṣinṣin.

Sẹ́ẹ̀lì rẹ ti gbilẹ̀ nínú eegun mi. Irú O ni ẹ̀jẹ̀ mi tẹ́lẹ̀, irú A ni báyìí, bíi tìrẹ. Wọ́n ní gbogbo àjẹsára tí mo ti gbà láti kékeré ti pòórá, pé bó bá yá, wọ́n á tún gún mi lábẹ́rẹ́ èéyi àti ti rọpárọsẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Wọn ò rí jẹjẹrẹ náà mọ́.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń bà mí lẹ́rù. Àtẹ́lẹwọ́ mi ń bó. Awọ ẹ̀yìn mi ń yún mi bí iná, ẹnu mi kún fún egbò, omi lásán ń ta mí. Dókítà ní ọmọ ogun rẹ ló ń bá mi jà, pé wọ́n dé ilé tí wọn ò mọ̀, wọ́n ń wo awọ mi bí ọ̀tá. Mo bi í pé bí ẹni tó ni wọ́n bá ṣì ń bínú ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ṣèyítán, jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ pé o sọ nǹkan kan sí wọn kí wọ́n tó gbà wọ́n lára rẹ, bá mi ká a kúrò. Ṣé o ò tíì dárí jì mí ni?

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Nehemiah.


Ìlobù,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹrin, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ewu. Màmá ń jẹun. Wọ́n ti mọ̀ báyìí pé kì í ṣe ibà, mo sọ fún wọn nígbà tí ewu kọjá. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan.

Nígbà tí mo kà á pé àtẹ́lẹwọ́ yín ń bó, inú mi dùn. Mi ò ní purọ́, irọ́ ti tó nílé wa. Inú mi dùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo bá ara mi níbi tí mo ti ń fọ abọ́, mò ń kọrin.

Ṣùgbọ́n mi ò sọ nǹkan kan sí wọn. Bí wọ́n bá ń gbọ́ tèmi ni, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ ò ní wà láyé kọ̀wé. Sẹ́ẹ̀lì kì í bínú. Wọn ò mọ Ùsmán, wọn ò mọ Ìfọ́n. Inú ara mi ni wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́, ara mi nìkan ni wọ́n mọ̀ sí ilé. Àwọn àmì ńlá bára mu láàárín wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn kéékèèké wà tí kò bára mu, òun ni wọ́n ń rí. Ẹ máa lo oògùn tí wọ́n fún yín, á pẹ̀tù sí wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń bá ilé tuntun mọ́ra. Ẹ má sì bú wọn. Bí wọ́n ṣe ń yọ awọ yín lẹ́nu yẹn náà ni wọ́n ń wá jẹjẹrẹ tó bá sá pamọ́ sínú yín rí.

Ùsmán wá sílé wa lọ́jọ́ Àìkú kan, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, kò lè wò mí lójú. Ìyàwó rẹ̀ ló ń sunkún. Alhájà ò tíì wá. Mi ò retí rẹ̀.

Ẹ bi mí bóyá mo ti dárí jì yín. Rárá.

Ohun kan wà tí ẹ ò mọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba sẹ́ẹ̀lì lápá mi, dókítà bi mí bóyá àwọn lè gba púpọ̀ ju èyí tí wọ́n fẹ́ lò lọ, kí wọ́n fi pamọ́ sínú yìnyín, torí bí jẹjẹrẹ náà bá padà, wọ́n á tún nílò ọmọ ogun mi. Ó ní bí mo bá fẹ́, mo lè sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Mo ronú sí i. Ní gbogbo oṣù tí ẹ fi ń bẹ̀ mí yẹn, bí mo bá jí, fóònù ni mo kọ́kọ́ máa ń wò bóyá ẹ̀bẹ̀ tuntun ti dé. Bó bá ti dé, oúnjẹ á dùn lẹ́nu mi. Mo rántí obìnrin tí mo jẹ́ nígbà yẹn, bó ṣe ń jẹun, mi ò fẹ́ràn rẹ̀.

Mo sọ fún dókítà pé kó gba iye tó bá fẹ́, kó má bi mí ní nǹkan kan. Ó wà níbẹ̀ ní orúkọ yín. Ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀, ẹ lọ gbà á. Ẹ má kọ̀wé sí mi kí ẹ tó gbà á.

Àbúrò yín,
Ṣèyítán.